Ta Ló Ń Tọ́jú Ìwé Ìròyìn Àná?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú ìnáwó bébà tó wọ́n gógó lásìkò yìí. Ọ̀rọ̀ olóòtú tí ẹ kọ nípa Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè l'Ábùjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹ ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tọ́wọ́ bá tẹ̀ náírà dá díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè kọ́ ilé náà parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tí wọn yóò kó sínú ilé náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tèmi wà.

Òṣìṣẹ́ láíbìrì ni mí. Láti 1982 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkówèésí ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí, títí mo fi fẹ̀yìn tì ní 2017. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí gbogbo owó ìfẹ̀yìntì mi kọ́ ló ti wọlé. Yàrá ìwé ìròyìn ni mo pẹ́ jù sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí àwọn èèyàn fi ń di àkàrà ni èmi ń dì pọ̀, tí mò ń lẹ nọ́ḿbà mọ́. Mo gbà fún wọn.

Ní ti ilé tó wà l'Ábùjá, ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Bílíọ̀nù 8.59 náírà ni iye rẹ̀ nígbà náà, oṣù 21 ni wọ́n sì dá pé yóò parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti gba káàdì ìdìbò báyìí. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2025, ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, ní kí àwọn tó bá fẹ́ bá òun ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 65 fi owó ẹ̀bùn wọn ránṣẹ́ sí àpò ilé ìkówèésí náà, owó tó wọlé sì ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọba tó ti kọjá láti 2006 ni ojú yẹ kó tì, pé owó ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó kan òrùlé mọ́ ilé ìkówèésí.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ilé, kí n bọ́ sórí ẹni tó ń wọ inú ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra JAMB nìkan ló ń lo láíbìrì. Àwọn yẹn pọ̀ lóòótọ́, wọ́n á gbé ìwé tiwọn wá láti ilé, wọ́n á jókòó sábẹ́ fáànù wa, tí ìdánwò bá sì ti kọjá, ó tán nìyẹn. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tó ń gbé ìjà wá.

Ìjà oyè ló pọ̀ jù. Láti ìgbà òfin oyè 1957 ti Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n ti ń kọ ìlànà oyè sílẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan: ìdílé mélòó ló ń jẹ ọba, èwo ló kàn, àwọn wo ni afọbajẹ. Bí ọba kan bá wàjà báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwọn àgbà ìdílé mẹ́ta tí wọn kì í kí ara wọn, tí wọ́n rọ̀gbà yí tábìlì kan ká, tí wọ́n ń dúró de ara wọn kí ìdìpọ̀ ìwé kan náà lè kàn wọ́n. Mo rántí baba kan tó ti ń sọ kiri ìlú tipẹ́tipẹ́ pé ilé àwọn nìkan ló ni oyè. Ó ka ojú ìwé náà, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun wá omi. Mo bá a wá omi. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn, kò sí ẹni tó gbé àdá. Ìwé ló bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oyè, ilẹ̀ ló kù. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù a máa wá wo gásẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi kéde ilẹ̀ tó gbà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìjọba ni ọmọ onílẹ̀ tà fún wọn. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń wá ìròyìn ọjọ́ tí ìjọba kéde owó oṣù tuntun, nítorí pé ọ́fíìsì tó ń ṣírò owó wọn ti sọ pé òun ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Akọ̀wé lọ́yà ń wá ìkéde ẹni tó yí orúkọ padà. Ìwé tí ẹ tẹ̀ láti fi pa owó ọjọ́ kan, ogún ọdún lẹ́yìn náà ló ń di ẹlẹ́rìí.

Èyí tí ó wù mí jù lọ láti sọ ni ti fọganáísà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bí oòrùn bá ti le tí ọjà ò sí, ó máa ń wọlé wá, á nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa sára sòkòtò, á ní kí n gbé ìdìpọ̀ ọdún báyìí báyìí fún òun. Mo kọ́kọ́ rò pé eré bọ́ọ̀lù ló ń wá. Ìròyìn ojú ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ ló ń wá, ọ̀nà tó ti ba táyà oníbàárà rẹ̀ jẹ́ tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ó rí i nínú ìwé ìròyìn wa lábẹ́ ìjọba mẹ́ta. Gómìnà ológun kan ti ya owó sọ́tọ̀ fún ọ̀nà náà. Gómìnà alágbádá kan ti parí rẹ̀. Gómìnà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá ń ṣèlérí pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣe fọ́tòkọ́pì ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ètò kan wà lórí rédíò nígbà náà tí aráàlú máa ń pè sí, tí agbẹnusọ ìjọba kan sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dárúkọ ìwé ìròyìn, ó dárúkọ ọjọ́, ó dárúkọ ojú ìwé, ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká gbà gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?” Orin ni wọ́n fi bo ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Ajé, tẹlifóònù dún ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ẹnì kan láti òkè fẹ́ mọ ẹni tó gbé ìwé náà fún un. Ọ̀gá wa dá a lóhùn pé ìwé tí wọ́n tà fún gbogbo ayé lójú títì ni, ẹni tó bá sì tún béèrè rẹ̀ lónìí, àwọn yóò tún gbé e fún un.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe ọ̀nà náà. Wọn ò ṣe é lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọkùnrin yìí kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe akọ̀ròyìn, kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan tí mo mọ̀. Kò ní owó tó lè fi ra àyè nínú ìwé ìròyìn. Síbẹ̀ ó bá ìjọba sọ̀rọ̀ tí ìjọba ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Ìjọba tiwa-n-tiwa tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀, irú ohun tí mo mọ̀ pé ó jẹ́ nìyẹn. Ìbò dídì nìkan ò tó. Ẹni tó fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ rí ibì kan lọ, láìsanwó, láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọrọ ìbò wò.

Èyí ló fà á tí alágbára ò fi fẹ́ràn láíbìrì tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn mọ apá tiyín nínú ìtàn yìí jù mí lọ. Decree 4 ti 1984, òfin ológun tó dojú kọ akọ̀ròyìn, ni wọ́n fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993, ìjọba ológun ti Punch, Concord àti Guardian pa ní 1994, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ TELL àti TheNews sì di ohun tí fẹ́ńdọ̀ ń fi sábẹ́ ìwé mìíràn tà. Ohun tí ẹ lè má mọ̀ ni bó ṣe rí nínú láíbìrì ìjọba, níbi tó jẹ́ pé ìjọba kan náà ló ń san owó oṣù wa.

Kò sí àṣẹ kankan tó wá ní kíkọ. Ẹnì kan kàn pe ọ̀gá wa pé kó máa fi ọgbọ́n ṣe é. Ọ̀gá wa kó àwọn ìwé náà kúrò lórí tábìlì gbangba, ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ìjókòó mi. Ó ní ẹni tó bá béèrè, kí n fún un. Ẹni tí kò bá béèrè, kí n má polówó rẹ̀ fún un. Ṣé ìwà akin nìyẹn ni àbí ti ojo? Mo ti rò ó títí, ó dà bí ẹni pé méjèèjì ni. Ó ní ọmọ márùn-ún nílé ìwé nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin méjì kan wá, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa ni wọ́n wọ̀, wọn ò sì jókòó nígbà tí mo ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo rẹ́jísítà. Nígbà yẹn, ẹni tó bá wọ yàrá wa á kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ kà. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé ẹjọ́ wo lẹ́nì kan ń dárúkọ láyé Abacha? Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Kí wọ́n tó padà, ọ̀gá wa ti ní kí n ṣí rẹ́jísítà tuntun, orúkọ nìkan ni òǹkàwé yóò máa kọ síbẹ̀. Ti àtijọ́ ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́. Ohun tó sọ fún wọn nìyẹn. Ikán sì pọ̀ ní láíbìrì wa débi pé wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọ̀gá wa lọ sí ẹ̀ka kan ní ìlú kékeré tí kò ní ju pẹpẹ ìwé mẹ́rin lọ, kò sí ẹni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Mo kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé ní Amẹ́ríkà, ní 2005, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì kan ní Connecticut pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ẹni tó lo kọ̀ǹpútà wọn wá, láìsí àṣẹ adájọ́. Àwọn mẹ́rin kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tó di 2006, FBI fi wọ́n sílẹ̀. Inú mi dùn sí i, mo sì jowú wọn díẹ̀. Àwọn ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè sá lọ. Ikán ni ọ̀gá tèmi ní.

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 wa sọ pé ẹni kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba èrò àti ìròyìn, àti láti fi í fún ẹlòmíràn, láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, apá “fi í fún ẹlòmíràn” lẹ máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. Apá “láti gbà” ni iṣẹ́ tiwa, òun ni a kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jà fún. Láìpẹ́ yìí mo tẹ̀lé ọmọ ọmọ mi lọ sí ibi ìkàwé kan. Wọ́n ní kó kọ nọ́ḿbà fóònù rẹ̀, nọ́ḿbà NIN rẹ̀, àti àkọlé ìwé tó fẹ́ kà. Mo bi ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ pé ta ló fẹ́ kà á. Ó ní, “Màmá, bí fọ́ọ̀mù ṣe wà nìyẹn.” Ológun ti lọ láti 1999, fọ́ọ̀mù wọn ò tẹ̀lé wọn lọ.

Ẹ má rò pé ìjọba nìkan ló ń fẹ́ yan ìwé fún aráàlú o. Mùsùlùmí ni mí, ìbòrí mi kì í kúrò lórí. Pásítọ̀ kan wá bá wa rí pé kí a kó àwọn ìwé Ifá kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, nítorí pé ó ń fa ọmọ sínú ìbọ̀rìṣà. Kò pẹ́ púpọ̀, àáfà kan dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà, ó sì gbà pé èmi tí mo bo orí mi báyìí á gbọ́ tirẹ̀ kíákíá. Lórí Ifá nìkan ni àwọn méjèèjì ti lè fẹnu kò. Bí a bá ní ká gbọ́ tiwọn tán, pẹpẹ ẹ̀sìn á ṣófo, a ó wá máa fi ṣe ibi tí à ń gbé kẹ́tùrù sí. Mo sọ fún àáfà náà pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun ka Ifá, kó sọ fún ọmọ tirẹ̀ nílé. Ọmọ ẹlòmíràn kọ́ ló bí. Mo ti rí babaláwo tó wá ka ìwé ìṣègùn òyìnbó lọ́dọ̀ wa, mo ti rí ọmọ ìjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹsẹ Ifá fún yunifásítì, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìdí.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ìwé ìlànà UNESCO, àjọ àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti àṣà, lórí láíbìrì aráàlú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949, tí wọ́n tún ṣe ní 1994 àti 2022, sọ ọ́ ní kedere pé ìjọba, ẹlẹ́sìn tàbí oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ máa sẹ́ ìwé fún aráàlú. Ìlú Ìbàdàn níbí, ní yunifásítì, ni UNESCO sì ti pe ìpàdé ńlá lórí láíbìrì aráàlú ilẹ̀ Áfíríkà ní 1953. Nígbà tó di 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ni mo bá ní yàrá ìwé ìròyìn nígbà tí mo wọṣẹ́. Wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ, wọ́n ń ka Tribune láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ìpolówó ọtí tí wọn ò ní mu.

Àbúrò mi kan sọ fún mi pé asán ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé ohun gbogbo ti wà lórí fóònù. Mo ní kó bá mi wá ohun tí ìwé ìròyìn Yorùbá kan kọ nípa ìlú wa ní 1988. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, dátà rẹ̀ tán. Mi ò bá kọ̀ǹpútà jà. Ó wù mí kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ìdìpọ̀ tí mo fi sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó tó di pé ikán gidi jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí fóònù, ọwọ́ ẹni tó ni ojú òpó ló wà, àti ọwọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, ó di oṣù kìn-ín-ní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Olóṣèlú tó kọ ọ̀rọ̀ sí Facebook lálẹ́ lè pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa ohun tó sọ nínú ìwé ìròyìn rẹ́ yóò ní láti wọlé, kó kí ẹni tó jókòó síbi tí mo ti dìde, kó sì fi abẹ gé e lójú gbogbo èèyàn.

Tàbí kó má fún wa lówó ra ìwé ìròyìn rárá. Ìyẹn rọrùn jù. Àwọn ọdún kan wà tí a ò rí kọ́bọ̀ gbà fún ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni fẹ́ńdọ̀ ń já ìwé ìròyìn olóríṣiríṣi sí ọ́fíìsì kọmíṣánnà láràárọ̀, tí mẹ́séńjà ń kó wọn tà lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá yẹ àwọn ìdìpọ̀ náà wò lónìí, ẹ ó rí àlàfo, oṣù mẹ́ta níhìn-ín, oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún. Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ọdún tí wọ́n fẹ́ kí a gbàgbé ni owó máa ń wọ́n jù.

Ẹ̀yin gan-an wá kàn báyìí, Olóòtú. Decree 29 ti 1970, tó jẹ́ òfin Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè, sọ pé ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín oṣù kan, ìwé ìròyìn ò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà 10 ránṣẹ́ nínú ìwé tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ 25. Ṣé ẹ̀ ń fi tiyín ránṣẹ́? Ìwé ìròyìn Yorùbá ti wà láti 1859, nígbà tí Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Akede Eko ti I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Gbohùngbohùn jáde láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Sketch, Sketch fúnra rẹ̀ sì ti kú. Ohun tí àwọn baba wa bá ara wọn jà lé lórí ní èdè Yorùbá, lórí owó orí, lórí oyè, lórí ta ni kí á dìbò fún, inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ló wà. Ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó lè rí ìtàn kà níbòmíràn. Ìyálọ́jà kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa kò gbọ́ òyìnbó rárá, Yorùbá ló ń kà, ó sì ń kà á ju ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ìwé lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá dáwọ́ dúró láti máa dé ọ̀dọ̀ wa, òun náà dáwọ́ wíwá dúró. A ò rí ohun tí a fi máa dá a dúró.

Mo mọ̀ pé bébà wọ́n, mo mọ̀ pé àwọn láíbìrì jẹ yín lówó, bóyá a tilẹ̀ jẹ yín láti ayé ìgbà tí mo ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀dà kan péré fún láíbìrì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá, mi ò rò pé ó lè pa yín.

Ní ti ìjọba, kí n má pariwo jù. Òfin FOI ti 2011 fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe, kí ìjọba sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ti ń sọ pé kò kan àwọn. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn fọganáísà wa ló fẹ́ jókòó kọ lẹ́tà òfin sí ìjọba? Òfin kan náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ gbé àwọn ìwé kan síta láìdúró de ẹni tó béèrè. Síta níbo? Kí alága káńsù kó ètò ìṣúná ọdọọdún rẹ̀ sí láíbìrì tó wà ládùúgbò rẹ̀, lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ lè tó o. Kí wọ́n sì ṣí láíbìrì náà lọ́jọ́ Sátidé àti títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀bi àwa òṣìṣẹ́ wà nínú èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń ti ilẹ̀kùn, ìgbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sinmi.

Ìbò 2027 ti ń bọ̀. Gbogbo ìwé ìlérí tí wọ́n bá pín, gbogbo àyè tí wọ́n bá rà nínú ìwé ìròyìn yín láti fi polówó ara wọn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tọ́jú wọn fún 2031. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú dì ìwé ìròyìn oṣù kan pọ̀ tí kò fi ní já. Bí àṣẹ́kù ìwé yín láti 2017 wá bá wà nínú yàrá kan ní ilé ìtẹ̀wé yín, ẹ ránṣẹ́ sí mi. N ó wá tò wọ́n ní oṣù oṣù fún yín, n ó sì kọ́ ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Owó mọ́tò mi àti oúnjẹ ọ̀sán ni ẹ ó bá mi wá sí i.

Èmi ni,
Ìyá Ràfíù,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.